Kí Ló Ṣẹlẹ̀ ní 26 Oṣù Kẹjọ? Bí Ìbò Obìnrin Ṣe Di Òfin ní Amẹ́ríkà

Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe Ọjọ́ Ìdọ́gba Obìnrin ní Amẹ́ríkà, ní 26 oṣù Kẹjọ, láti fi rántí ọdún 1920 tí òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìbò du ènìyàn mọ́ torí pé ó jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an, kò sí ilé aṣòfin tó dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin kan ló jókòó sílé ara rẹ̀ láàárọ̀ kùtù tó bu ọwọ́ lu ìwé. Bí wọ́n ṣe ń tún ìwé òfin ilẹ̀ náà ṣe ló fà á tó fi jẹ́ ọjọ́ ìbuwọ́lùwé ni wọ́n ń rántí.

Abala Karùn-ún ìwé òfin Amẹ́ríkà ló la ọ̀nà sílẹ̀. Àbá àtúnṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò ní Ilé Aṣojú-ṣòfin àti ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Lẹ́yìn èyí ni yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìpínlẹ̀ 48 ló wà nígbà náà, nítorí náà 36 ni wọ́n ń wá. Ààrẹ kò ní ipa kankan níbẹ̀: kò ní bu ọwọ́ lù ú, kò sì lè dá a dúró. Ààrẹ Woodrow Wilson lọ bẹ Ilé Aṣòfin Àgbà ní 30 oṣù Kẹsàn-án 1918 pé kí wọ́n gba àbá ìbò obìnrin. Lọ́jọ́ kejì, ìbò méjì péré ló kù kí àbá náà wọlé, ó sì já.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí ará Nàìjíríà. Abala kẹsàn-án ìwé òfin 1999 náà ń béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé méjèèjì l'Abuja, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ọmọ ilé ni Nàìjíríà fi ń ṣírò, yálà wọ́n wá tàbí wọn kò wá, nígbà tí Amẹ́ríkà ń ka kìkì àwọn tó wà níjòkòó. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà wá gba àbá ìbò obìnrin ní 4 oṣù Kẹfà 1919, 56 ló ní bẹ́ẹ̀ ni, 25 ló ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú 81 tó dìbò, 54 ti tó. Ká ní wọ́n fi gbogbo ọmọ ilé 96 ṣírò ni, 64 ni wọn ì bá nílò.

Ọ̀rọ̀ inú àtúnṣe náà kò yí padà láti ọdún 1878 tí Aaron Sargent, aṣòfin láti California, ti kọ́kọ́ gbé e wá. Kò sọ ọ́ níbì kankan pé obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ohun tó sọ ni pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ ìdìbò du ọmọ ilẹ̀, tàbí kí ó dín in kù, nítorí pé ó jẹ́ akọ tàbí abo. Ìdènà kan ṣoṣo ló mú kúrò lọ́nà.

Iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀. Illinois ló kọ́kọ́ dìbò, ní 10 oṣù Kẹfà 1919, Wisconsin sì tẹ̀lé e lọ́jọ́ kan náà. Àṣìṣe wà nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé tí Illinois lò, ó sì di dandan kí wọ́n tún un ṣe ní ọjọ́ 17. Wisconsin ní tiwọn kò dúró de ilé ìfìwéránṣẹ́: wọ́n fi ìwé lé bàbá kan tó ti ṣe aṣòfin rí lọ́wọ́, David James, ó wọ rélùwéè lọ sí Washington, ìwé wọn ló sì kọ́kọ́ débẹ̀.

Ìjókòó ilé ni ìṣòro kejì. Ọ̀pọ̀ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún méjì ni wọ́n ń jókòó. Bí gómìnà kò bá pe ìjókòó àkànṣe, kò síbi tí wọn yóò ti dìbò. Gómìnà Connecticut àti ti Vermont kọ̀, wọn kò pè é. Ní Ohio, àwọn alátakò fẹ́ kí gbogbo ará ìlú dìbò lé e lórí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ ní 1 oṣù Kẹfà 1920 pé kò rí bẹ́ẹ̀, ilé aṣòfin nìkan ni ìwé òfin fún láṣẹ. Ẹgbẹ́ Alice Paul, ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó ṣáájú ìjà fún ìbò obìnrin, ní àsíá kan ní olú ilé wọn ní Washington. Bí ìpínlẹ̀ kan bá ti fọwọ́ sí i, wọn a rán ìràwọ̀ kan mọ́ ọn. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Washington ṣe tirẹ̀ ní 22 oṣù Kẹta 1920, ìràwọ̀ di 35, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, Delaware tí wọ́n gbójú lé já wọn kulẹ̀.

Tennessee ló kàn. Gómìnà Albert Roberts pe ìjókòó àkànṣe fún 9 oṣù Kẹjọ. Ilé àgbà níbẹ̀ gbà á láìjanpata, 25 sí 4. Ilé kejì ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹni tó mọ òfin ilé jù. Àwọn alátakò wọ òdòdó róòsì pupa, àwọn alátìlẹyìn wọ èyí tó pọ́n bí ìyeyè. Ní ọjọ́ 18, Seth Walker, abẹnugan ilé, fẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tì. Ìbò ta ọ̀mì, 48 sí 48. Wọ́n tún un kà, ọ̀mì náà ni. Àbá ìgbétì tó bá ta ọ̀mì ti kú nìyẹn, torí náà Walker ní kí wọ́n dìbò lórí àtúnṣe náà fúnra rẹ̀. Harry Burn, ọmọ ọdún 24, wọ róòsì pupa, ó sì ti bá àwọn alátakò dìbò lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lẹ́tà ìyá rẹ̀, Febb Burn, wà lára rẹ̀, ìyá náà sì ti ní kó ran àwọn obìnrin lọ́wọ́. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó di 49 sí 47.

Walker kò gbà. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló yí ìbò tirẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ẹni tó bá wà lápá tó borí nìkan ni òfin ilé fún láyè láti ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ gbé yẹ̀ wò. Kò rí ènìyàn kún tirẹ̀. Àwọn kan lára àwọn alátakò wá sá lọ sí Decatur ní Alabama, kí iye ọmọ ilé má baà pé tí ìjókòó lè fi wáyé. Àwọn tó kù jókòó láìsí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́ kan fi àṣẹ dí gómìnà lọ́wọ́. Nígbà tí àṣẹ náà kúrò ló bu ọwọ́ lùwé ní ọjọ́ 24, tó sì fi í ránṣẹ́.

Akọ̀wé àgbà ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Bainbridge Colby, ni òfin gbé iṣẹ́ ìkéde lé lọ́wọ́. Rélùwéè gbé ìwé dé Washington kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ 26. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, Colby bu ọwọ́ lù ú nílé rẹ̀, láìpe ayàwòrán, láìpe ẹgbẹ́ obìnrin kankan, inú sì bí wọn gidigidi. Ìkéde yìí ló jẹ́ kókó. Nígbà tí Oscar Leser gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ láti yọ orúkọ obìnrin méjì kúrò nínú ìwé olùdìbò ní Baltimore, tó sì ń sọ pé Tennessee kò tẹ̀lé òfin ara rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dáhùn ní 27 oṣù Kejì 1922 pé bí ìpínlẹ̀ bá ti fi ẹ̀rí ránṣẹ́, tí akọ̀wé sì ti kéde, ilé ẹjọ́ kò ní máa tú ìdí rẹ̀ wò. Ní òde òní, olórí ilé àkójọ ìwé ìjọba ló ń ṣe iṣẹ́ Colby.

Ohun tí àtúnṣe náà kò ṣe pọ̀. Georgia àti Mississippi kò jẹ́ kí obìnrin dìbò ní oṣù Kọkànlá 1920: òfin wọn ní ẹni tí yóò dìbò ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, oṣù mẹ́fà ní Georgia, nígbà tí àtúnṣe kò tíì sí rárá. Owó orí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ san kó tó lè dìbò, àti ìdánwò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kò dárúkọ akọ tàbí abo, torí náà wọn kò tako àtúnṣe yìí. Òun ni wọ́n fi dí obìnrin aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ ní Gúúsù títí di òfin ìdìbò 1965.

Bella Abzug, aṣòfin láti New York, ló gbé ọjọ́ ìrántí náà dé iwájú ilé. Ní 1973 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ààrẹ sì máa ń kéde rẹ̀ lọ́dọọdún. Kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi, báńkì ń ṣí. Ohun tó wúlò jù tí àwọn ẹgbẹ́ lè ṣe lọ́jọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò, nítorí òfin àpapọ̀ kò gbà kí ìpínlẹ̀ ti ìwé ju 30 ọjọ́ lọ ṣáájú ìdìbò àpapọ̀. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ní 26 oṣù Kẹjọ ṣì bá ti oṣù Kọkànlá mu dáadáa.