Ìdána ọ̀sán, àríyá alẹ́: bí Grammy ṣe ń rìn lójú amóhùnmáwòrán

Bí ọjọ́ Grammy, àmì-ẹ̀yẹ orin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bá pé, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Abẹ́ọ̀kúta a máa jókòó ti amóhùnmáwòrán di aago méjì òru mọ́jú ọjọ́ Ajé, tí ètò náà ń bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tiwa, wọn a sì máa retí orúkọ olórin Nàìjíríà. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ títí ilẹ̀ fi mọ́, wọn á ní iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ló yan ẹni tó wù ú, tó sì rẹ́ tiwa jẹ. Àṣìṣe tó ń bíni nínú nìyí. Àwọn olórin, àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀ àti àwọn olóòtú orin tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Recording Academy, tó ń pín àmì-ẹ̀yẹ náà, ló ń dìbò, iléeṣẹ́ aṣírò-owó Deloitte ló sì ń ka ìbò náà. Èyí tí ojú yóò rí nìkan ni amóhùnmáwòrán ń yàn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ayẹyẹ yìí ní oṣù Karùn-ún 1959, ìṣọ̀rí 28 péré ló ní, kò sì sí ẹni tó gbé e sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Jálẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ tán ni wọ́n ń pè wá kọrin níwájú kámẹ́rà lẹ́yìn náà. Ayẹyẹ ló ń ṣíwájú, amóhùnmáwòrán ń tẹ̀ lé e. Ní 1971, ABC, iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán Amẹ́ríkà, gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. CBS, akẹgbẹ́ rẹ̀, gbà á ní 1973, ABC sì dá àmì-ẹ̀yẹ orin tirẹ̀, American Music Awards, sílẹ̀ ní 1974.

Ẹni tó bá mọ ìgbéyàwó ilẹ̀ Ẹ̀gbá yóò tètè lóye ohun tó tẹ̀yìn èyí wá. Ìdána ni ìgbéyàwó gan-an: ibẹ̀ ni alága ìdúró àti alága ìjókòó ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀, tí wọ́n ti ń ka iṣu méjìlélógójì, obì, orógbó àti oyin, tí bàbá ti ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ni ọ̀pọ̀ àlejò ń bá lọ, níbi tí ìlù ti ń dún, tí àdìrẹ Ìtòkú ti ń tàn lára ẹbí. Àlejò tó bá dé gbọ̀ngàn ní aago mẹ́ta kò lè sọ pé wọn kò tíì fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́ nítorí pé kò ṣojú òun.

Premiere Ceremony ni ìdána Grammy, ọ̀sán ni wọ́n sì ń ṣe é ní Los Angeles. Nínú ìṣọ̀rí 94 tó wà ní 2025, ibẹ̀ ni wọ́n ti pín èyí tó lé ní 80, látorí ẹni tó ṣe páálí àwo dé orí ẹni tó kọ àlàyé sẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni Burna Boy ti gba tirẹ̀ ní 2021, ibẹ̀ náà ni Tems ti gba tirẹ̀ ní 2025. Onígbọ̀ngàn, ìyẹn amóhùnmáwòrán, kò fẹ́ kí wọ́n wá ka iṣu lọ́dọ̀ òun, nítorí iṣu kíkà a máa kun àlejò lóorun, àlejò tó bá sì ti sùn kò ní rí ohun tí wọ́n ń polówó.

MTV, iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán tó ń fi fídíò orin hàn, ló fi bí àríyá ṣe ń bo ẹ̀bùn mọ́lẹ̀ han gbogbo ayé ní 1984, ní ayẹyẹ ẹ̀bùn fídíò rẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí olórin Madonna jáde nínú aṣọ ìyàwó (àfiwé wa kò jìnnà sí òtítọ́ rárá). Ẹgbẹ́ olórin The Cars ló gba ẹ̀bùn fídíò tó ta yọ jù lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n aṣọ ìyàwó yẹn ni àwọn ènìyàn ń sọ títí dòní.

Ọgbọ́n wà nínú bí Grammy ṣe pín ètò rẹ̀ sí méjì, torí pé owó ìpolówó kò kan ìbò. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn tí ọwọ́ wọn ń ṣe orin gan-an kì í fojú kan àwọn tó ń gbọ́ ọ, ẹ̀ka tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún orin Áfíríkà sì di ti ọ̀sán. Fela Aníkúlápó-Kuti pàápàá, ẹni tí wọ́n bí ní Abẹ́ọ̀kúta ní 1938, ayẹyẹ ọ̀tọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Grammy ni wọ́n ti fi àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ayé rẹ̀ dá a lọ́lá ní 2026.

Ẹni tó bá fẹ́ wo ìdána, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Àìkú lọ́dọ̀ wa. Ti aago méjì òru, àríyá ni.