Bí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé Ṣe Rí Orúkọ fún Ìfìdírẹmi

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1066, Ọba Harold ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kú sójú ogun nítòsí Hastings. William, olórí Normandy, ló gba ilẹ̀ náà. Èdè Faransé ni William àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń sọ, èdè yìí ló sì jọba láàfin àti ní kóòtù fún nǹkan bí 300 ọdún. Ọdún 1362 ni òfin tó jẹ́ kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó padà sí ipò rẹ̀, ó ti kó ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ́ra: army, enemy, siege, retreat, surrender, vanquish. Defeat pàápàá wà lára wọn. Lọ́wọ́ èdè àwọn tó ṣẹ́gun wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú ló kù nínú ogún ìbílẹ̀ wọn: win, lose, beat, fight, flee. Ìpín yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ẹni tó ń ti pápá bọ̀ á sọ pé ẹgbẹ́ òun "beat" ẹgbẹ́ kejì. Ìwé ìròyìn àti ìtàn ogun ló sábà máa ń kọ "defeat". Beat yìí àti battre ti Faransé jọra létí, ìtumọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìdílé tó bí èdè Jámánì ni beat ti wá, Látìnì ló bí battre.

Inú défaire ni défaite ti Faransé ti jáde, ìyẹn ni kí á tú ohun tí a ti ṣe. Òun náà ni wọ́n ń lò tí wọ́n bá tú irun, tí wọ́n bá tú kókó okùn, tí wọ́n bá tú ẹrù arìnrìn-àjò. Ọmọ ogun tí wọ́n ti tò, tí wọ́n ti dì pọ̀ bí ọwọ̀, ni ọ̀tá wá tú. Èyí kò lè ṣòro fún Yorùbá láti lóye, torí ìlú tí ogun bá bà jẹ́, a máa ń ní ó tú ni.

Rout ti Gẹ̀ẹ́sì àti déroute ti Faransé jọ wá láti inú rupta ti Látìnì, ohun tó já tàbí tó fọ́: ìlà ogun já, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Inú rupta yìí kan náà ni route, ọ̀nà, ti wá, nítorí ibi tí wọ́n bá fọ́ igbó sí ni ọ̀nà. Àwa náà kúkú ń la ọ̀nà ni.

Débâcle ló wúni lórí jù nínú gbogbo wọn. Bâcler láyé àtijọ́ ni kí á fi ọ̀pá há ilẹ̀kùn. Débâcler ni kí á yọ ọ̀pá náà. Nígbà tí yìnyín tó bo odò nígbà òtútù bá wá fọ́, tí omi tó ti há bá ya, tó ń gbá gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ lọ, débâcle ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ odò ni kó tó di ọ̀rọ̀ ogun. Gẹ̀ẹ́sì náà sì yá a lò.

Irú odò bẹ́ẹ̀ gan-an ló fún Faransé ní orúkọ àjálù tó rorò jù. Láàárín ọjọ́ 26 sí 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1812, àwọn ọmọ ogun Napoleon, olú ọba Faransé, tó ń padà bọ̀ láti Moscow ní láti kọjá odò Berezina, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Belarus lónìí. Ká ní odò náà dì ni, wọn ì bá fẹsẹ̀ rìn ín. Ṣùgbọ́n òtútù ti dẹwọ́, yìnyín ti fọ́. Ọ̀gágun Eblé àti nǹkan bí 400 ọmọ ogun tó mọ afárá í ṣe wọ inú omi yìnyín náà, wọ́n kan afárá méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bá iṣẹ́ náà lọ. Napoleon kọjá, àwọn tó ṣì lágbára láti jà kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dáná sun àwọn afárá náà kí àwọn ará Rọ́ṣíà má bàa tẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, àwọn tó gbọgbẹ́, àwọn obìnrin àti ọmọdé, ṣì wà lódìkejì. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ogun ń yin ọgbọ́n tí Napoleon fi yọ. Èdè kò yìn ín. Ojú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ létí odò ni èdè fi wò ó, débi pé bí nǹkan bá dàrú kọjá àtúnṣe lónìí, ìbáà jẹ́ ní pápá bọ́ọ̀lù tàbí níbi ìdìbò, ohun tí Faransé yóò sọ ni "c'est la Bérézina".

Gẹ̀ẹ́sì ṣe ohun tó jọ ọ́ pẹ̀lú Waterloo. Àwọn ló wà lára àwọn tó ṣẹ́gun níbẹ̀ lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1815, síbẹ̀ ẹni tó bá "meet his Waterloo" ti bá ìṣubú rẹ̀ pàdé ni: ipò Napoleon ni ọ̀rọ̀ náà fi èèyàn sí. Trafalgar, ogun ojú omi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun Faransé, tó jẹ́ gbàgede ayọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Faransé fi ń pe àjálù òjijì, "coup de Trafalgar".

Tó bá di góòlù rẹpẹtẹ, ilé àti oko ni èdè méjèèjì máa ń sá lọ. Thrash ni kí á lu ọkà kí hóró rẹ̀ jáde. Hiding, awọ ara ni. Fessée ni kí á na ọmọ nídìí. Déculottée, kí á bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ ná. Àwa náà ń sọ pé ẹgbẹ́ kan na èkejì, tàbí pé ó gbo ewúro sí i lójú. Nígbà tí Jámánì na Brazil ní 7 sí 1 lọ́jọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2014, humiliation ló gba ẹnu oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé. Humus, tó túmọ̀ sí ilẹ̀ ní Látìnì, ni gbòǹgbò rẹ̀, kò sì jìnnà sí ẹni tó fìdí janlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àmì ayò kò bá jìnnà síra, Faransé á kàn ní ẹgbẹ́ náà "s'incline", ó tẹrí ba. Ọ̀rọ̀ tó bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ṣubú ni, ó sì wù mí kí àwọn asọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù máa rántí irú rẹ̀ púpọ̀ sí i.

Òmíràn lọ, ó tún bọ̀. Forfait ayé àtijọ́ ni ìwà tó yà kúrò lójú òfin. Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó di forfeit, ohun tí arúfin pàdánù. Ìdíje ẹṣin ló dá a padà sí Faransé, lórí owó ìtanràn ẹni tó bá yọ ẹṣin rẹ̀ kúrò nínú eré. Lónìí, ẹgbẹ́ tí kò bá wá sí pápá ti "déclarer forfait".

Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Paris Saint-Germain na Barcelona ní 4 sí 0. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹta, Barcelona dá a padà ní 6 sí 1, mẹ́ta nínú góòlù náà wọlé láàárín ìṣẹ́jú 88 àti 95. Faransé ní remontée tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni kí ẹni tó ti rẹ̀yìn tún gòkè padà, ṣùgbọ́n kò lè gbé alẹ́ yẹn. Remontada, ọ̀rọ̀ Sípéènì, ọ̀rọ̀ àwọn tó nà wọ́n, ni wọ́n ń lò báyìí, títí kan ọ̀rọ̀ ìdìbò.