Bí fíìmù Freaks ṣe wáyé

Kí Tod Browning tó di olùdarí fíìmù, wọ́n ti sin ín láàyè láìmọye ìgbà. Ọmọ Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni, wọ́n bí i lọ́dún 1880. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó sá nílé tẹ̀ lé àwọn alárìnjó, àwọn tí í pàgọ́ sílùú kan lónìí, tí wọ́n á tú u lọ sí òmíràn lọ́la. Iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé fún un ni pé kó sùn sínú pósí, kí wọ́n bo iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn, kí èrò sì sanwó wo bí òkú ṣe ń jí.

Nígbà tí fíìmù Dracula tó darí lọ́dún 1931 mú owó gọbọi wọlé fún iléeṣẹ́ fíìmù Universal, Irving Thalberg, ọ̀gá ní MGM, iléeṣẹ́ fíìmù mìíràn, ní òun náà fẹ́ eré tó ń dẹ́rù bani. Harry Earles, òṣèré tó jẹ́ aràrá, ti mú ìtàn kan tí Tod Robbins kọ ní 1923 wá fún Browning: aràrá kan fẹ́ arẹwà obìnrin, àṣé ogún rẹ̀ ni obìnrin náà ń wá. Ìtàn yìí ni wọ́n sọ di Freaks.

Ẹlòmíràn ìbá kun àwọn òṣèré lójú, kó wọ̀ wọ́n láṣọ ìtànjẹ. Browning lọ kó àwọn tí wọ́n ń sanwó wò lágọ̀ọ́ gan-an wá ni: Daisy àti Violet Hilton, ìbejì tó lẹ̀ pọ̀ níbàdí, Johnny Eck tó ń fọwọ́ rìn, Prince Randian, ọmọ Guyana, tí kò lápá tí kò lẹ́sẹ̀. Nínú fíìmù náà, ọ̀dọ̀ Randian lojú mi máa ń dúró sí. Sìgá wà létè rẹ̀, ó fi ẹnu yọ igi ìṣáná kan, ó ṣá a, iná mú, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń fọ́nnu nípa ara rẹ̀ lọ ràì.

Nínú ọgbà MGM, àwọn kan ní àwọn ò lè bá wọn jẹun nílé oúnjẹ kan náà. Wọ́n bá tẹ́ tábìlì fún púpọ̀ nínú wọn síta, lábẹ́ àgọ́. Àgọ́ tí wọ́n ti wá náà ni wọ́n tún dá wọn padà sí! Ẹni òrìṣà làwa ń pe irú wọn nílẹ̀ wa, àmọ́ kí n má purọ́, àwa náà máa ń nawọ́ sí wọn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han èrò ní 1932, àwọn kan sá jáde. MGM gé e láti nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú wá sí 64, èyí tí wọ́n gé dàwátì títí dòní. Britain fòfin dè é fún nǹkan bí 30 ọdún. Ọdún 1962 ni wọ́n fi í hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Venice, táwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni Browning kú.