Bí Àgbàdo Inú Ilé Ìkẹ́rùsí Yín Bá Jẹ́ Ti Ẹlòmíràn

Ìbéèrè tí àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìẹ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa ń bi mí jù lọ, bí ìkórè àgbàdo bá ti ń sún mọ́lé, ni pé àgbàdo oṣù mélòó ni kí àwọn rà sílẹ̀. Ẹni tó bá ra ọ̀pọ̀ sílẹ̀, owó rẹ̀ yóò há sínú àpò àgbàdo, kò sì ní rówó ra sóyà tàbí san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ń rà á ní díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró bí tírélà kan ṣoṣo bá há sọ́nà. Ọ̀nà kẹta wà, òun ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé: kí àgbàdo wà nínú ilé ìkẹ́rùsí yín, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ti ẹlòmíràn títí di ọjọ́ tí ẹ bá bù ú lò.

Ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ìyá wa ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ń gba ọjà tà tipẹ́tipẹ́. Wọ́n á san owó èyí tó bá tà, wọ́n á sì dá èyí tó bá kù padà fún ẹni tó ni ín. Ohun tó yàtọ̀ nínú ti òde òní ni ẹni kẹta tó wọ àárín àgbẹ̀ àti ẹ̀yin. Ó lè jẹ́ oníṣòwò ńlá, ó sì lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó rẹ̀ ṣòwò. Òun ni yóò san owó fún àgbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí yóò sì kó àgbàdo náà wá sọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin náà yóò sì máa san owó ìwọ̀n tí ẹ bá lò lópin oṣù, pẹ̀lú owó ìpamọ́ lórí ọjà rẹ̀ tó wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé 100 tọ́ọ̀nù ni ẹ ń lọ̀ lóṣù, tí tọ́ọ̀nù kan sì jẹ́ ₦400,000. Àgbàdo oṣù mẹ́ta yóò jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà 120 náírà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n owó èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, iye tí àwọn báǹkì sì ń gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré máa ń ju ti Báǹkì Àpapọ̀ lọ. Bí ẹ bá yá owó náà ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èlé oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 3. Bí ẹni kẹta bá ń gba 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, owó ìpamọ́ oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 2.4. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí ènìyàn ń jó sí, ẹni tó bá sì wo òun nìkan kò tíì rí ibi tí àǹfààní wà. Àǹfààní tó tóbi jù ni pé àyè tí ẹ ní láti yáwó ní báǹkì ṣì ṣí sílẹ̀ fún àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní bá yín rà sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbà gbọ́ pé ìnáwó náà ti pòórá. Ẹlòmíràn ló bá yín gbé e, yóò sì gba owó rẹ̀ padà, yálà nínú owó ìpamọ́ tàbí nínú iye tí ó bá ta àgbàdo fún yín.

Ìdí tí mo fi ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti gbìyànjú rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí àgbàdo ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa jìn, ó sì ń já. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya dá ọjà wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àgbàrá ya wọ ìlú Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ba afárá àti ojú ọ̀nà jẹ́ ní ìlú tí ọ̀pọ̀ tírélà ń gbà kọjá bọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Adìẹ tó ń yé ẹyin kò mọ̀ pé afárá já. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀, ẹyin yóò dínkù, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó bọ̀ sípò. Toyota, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ kíkó ọjà díẹ̀ sílẹ̀, kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Japan ní ọdún 2011: ó ní kí àwọn tó ń pèsè èròjà kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fún un máa pa ti oṣù 2 sí 6 mọ́. Ọwọ́ àwọn olùpèsè ni ọjà náà wà, kò sí nínú ilé ìkẹ́rùsí Toyota.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni orí òṣùwọ̀n. Ká sọ pé 100 tọ́ọ̀nù àgbàdo wọlé nígbà tí omi inú rẹ̀ jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ sì sá a, tí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, títí omi fi wá sílẹ̀ sí 12.5. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, nítorí àgbàdo tí omi inú rẹ̀ bá ju 13 lọ kì í pẹ́ hu èébu, májèlé inú èébu náà sì ń ṣe adìẹ ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá wọn ọjà náà, tọ́ọ̀nù 97 àti díẹ̀ ni ẹ ó bá. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3 ti lọ láìsí olè, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Ta ni yóò san án? Bí ìwé àdéhùn bá ní kí ẹ sanwó lórí ìwọ̀n tó wọlé, ẹ̀yin ni. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n tí ẹ bù lò, ẹni tó ni ọjà ni. Ohun tó tọ́ lójú tèmi ni kí ẹ jọ wọn omi inú àgbàdo lọ́jọ́ tó dé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí àdánù gbígbẹ jẹ́ ti ẹni tó ni ọjà, kí ti kòkòrò, eku àti òrùlé tó ń jò sì jẹ́ tiyín, nítorí ẹ̀yin ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Iye owó náà tún ńkọ́? Ẹ fẹnu kò bóyá iye ọjọ́ tí ọjà dé ni ẹ ó san tàbí iye ọjọ́ tí ẹ bù ú lò. Èmi a máa yan ti ọjọ́ tó dé, nítorí ẹni tó ń ta ẹyin gbọ́dọ̀ lè ṣírò èrè rẹ̀ ṣáájú.

Lábẹ́ òfin títà àti ríra ọjà, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ni ọjà ni ewu rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Síbẹ̀, bí ọjà bá bàjẹ́ nítorí àìbìkítà ẹni tó ń pa á mọ́, òun ni yóò dáhùn. Nítorí náà, kí orúkọ ẹni kẹta wà nínú ìwé adójútòfò ilé ìkẹ́rùsí náà. Ẹ tún yẹ ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní báǹkì wò dáadáa. Òfin ọdún 2017 lórí fífi ohun ìní tó ṣeé gbé dúró fún gbèsè gba báǹkì láàyè láti fi orúkọ ọjà yín sínú National Collateral Registry, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ohun ìní tí wọ́n ti fi dúró fún gbèsè. Bí ẹ bá ti fi gbogbo ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí dúró, tí ẹ sì wá da àgbàdo ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ tiyín, ẹjọ́ ni ẹ ń rà. Ẹ to tiwọn lọ́tọ̀, ẹ kọ orúkọ sí i, kí ẹ sì fi ìwé sọ fún báǹkì.

Gbogbo ọjà kọ́ ló yẹ fún ètò yìí. Àgbàdo àti sóyà yẹ fún un, nítorí wọ́n gba owó, wọ́n sì gba àyè. Àwọn èròjà fítámì tí a ń pò mọ́ oúnjẹ kò yẹ: àpapọ̀ owó tí ẹ ń ná lé wọn lórí kéré sí ti àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kò lè lọ oúnjẹ gidi láìsí wọn. Ẹ fi owó ara yín rà wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọjọ́ tí wọn yóò bàjẹ́.

Gbólóhùn tí mo máa ń wá kọ́kọ́ nínú ìwé àdéhùn ni èyí tó sọ ìgbà tí ẹni kẹta lè kó ọjà rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá já ni àgbàdo yóò wọ́n jù, ọjọ́ náà gan-an sì ni ẹlòmíràn yóò fi owó gọbọi lọ̀ ọ́ láti Èkó tàbí Ìbàdàn. Bí ìwé bá gbà á láàyè láti wá kó o lọ ní ọjọ́ kejì, a jẹ́ pé ibi tí ẹ fọkàn tẹ̀ kò sí mọ́, àní bí ọjà bá tilẹ̀ kún ilé ìkẹ́rùsí dé òrùlé. Ẹ bá a ṣe é kó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti rà á ní iye tí ẹ ti fẹnu kò sí, kí ọjọ́ ìkìlọ̀ tí yóò fún yín má sì dín sí iye ọjọ́ tí ẹ fi ń rí tírélà mìíràn láti Òkè Ọya, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan lé lórí.