Kànga inú campo kì í ṣe kànga

Ẹni tó bá ti dé ìlú Venice lórílẹ̀-èdè Ítálì, tàbí tó ti rí àwòrán rẹ̀, á ti rí àwọn gbàgede kéékèèké tí ẹnu kànga olókùúta wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n fi kan omi, bí a ti ń gbẹ́ kànga nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ lásán níbẹ̀, omi iyọ̀ ọ̀sà ni yóò bá pàdé. Omi òjò ni àwọn ará Venice ń mu láyé àtijọ́.

Campo ni gbàgede bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. “Pápá” ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Ítálì. Ní Venice, gbàgede San Marco nìkan ló ń jẹ́ piazza. Ìyókù, campo ni wọ́n, nítorí pé pápá gidi ni wọ́n nígbà kan: ilẹ̀ eléèpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí koríko ń hù, tí ẹran ń jẹ̀, tí wọ́n sì ń sin òkú sí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe kànga náà nìyí. Wọ́n á gbẹ́ kòtò gbàràmù tó jìn tó mítà 3 sí 5. Wọ́n á fi amọ̀ tó ki rẹ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ká, kí omi ọ̀sà má baà ráyè wọlé. Wọ́n á tẹ́ òkúta pẹrẹsẹ sí àárín ìsàlẹ̀, wọ́n á sì fi bíríkì tí omi lè gba ara rẹ̀ kọjá mọ ihò róbótó láti orí òkúta náà bọ̀ sókè. Yanrìn ni wọ́n á fi kún gbogbo àyíká ihò yìí, kí wọ́n tó fi òkúta tẹ́ ojú ilẹ̀.

Òkúta ojú ilẹ̀ yìí gan-an ni ọgbọ́n wà. Wọ́n á jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lọ sídìí òkúta oníhò, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ń pè ní pilelle. Òjò á gba ihò wọn wọlé, yanrìn á sẹ́ ẹ, kó tó yọ sínú kànga. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, gbogbo campo ni kànga. Ẹnu rẹ̀ lásán lẹ rí yẹn.

Bí amọ̀ bá sán, iyọ̀ á wọlé. Bí ọ̀sà bá kún dé ojú campo, omi iyọ̀ á gba ihò òjò kan náà wọlé, á sì ba yanrìn jẹ́. Àfi kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ìdí kànga fi ga ju ìyókù lọ ní àwọn campo kan. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé omi odò Brenta wá, tí wọ́n á dà á sínú kànga.

Ní 1884 ni omi ẹ̀rọ dé láti òdìkejì ọ̀sà, wọ́n sì dé àwọn kànga náà pa. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má wo ẹnu kànga nìkan; ẹ wá òkúta oníhò náà ní mítà díẹ̀ sí i.