Kí ló ń kà-kà-kà nínú ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, tó máa ń dákẹ́ tó bá ti gbóná?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry Big Daddy 2005 ni mo ń wà, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin. Surulere ni mo ń gbé, aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jáde kí Third Mainland tó dí. Tí mo bá ti ṣáná báyìí ó máa ṣe "kà-kà-kà", kò ní pẹ́ á dákẹ́, tí mo bá sì wá ṣáná sí i lọ́sàn-án ní Marina kò sí nǹkan kan. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ nọ́ọ̀kì, kí n lọ máa wá owó ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi owó ẹ sápò ná. Mẹkáníìkì yẹn, ṣé ó fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ ni àbí ìwọ lo fẹnu ṣe "kà-kà-kà" fún un? Torí kó o tó wa mọ́tò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ariwo ti sá lọ, ó wá di kó máa méfò. Gbé mọ́tò sùn sọ́dọ̀ ẹ̀, kó o sì kìlọ̀ fáwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣáná sí i títí wàá fi dé láàárọ̀, tí wọ́n bá fẹ́ fàyè gba mọ́tò míì kí wọ́n tì í (wọ́n máa fẹ́ ṣáná, mo mọ̀ wọ́n), kí ẹ̀yin méjèèjì wá jọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ sì fetí sí i.

Ìbéèrè: Òtútù wo ló tiẹ̀ wà l'Ékòó tí ẹ́ńjìnnì á fi máa pariwo?

Ìdáhùn: Òtútù tiẹ̀ kọ́ ni tiwa. Tó bá ń ṣiṣẹ́, omi inú ẹ̀ máa ń gbóná tó nǹkan bíi 90°C, ìdájí Èkó sì lè jẹ́ 24, ó ti tutù gan-an lójú ẹ̀ nìyẹn. Bí mọ́tò ṣe sùn mọ́jú, ọ́ìlì tó wà lókè á ti ro wálẹ̀ sínú pánù, pọ́ǹpù á sì kọ́kọ́ fà á gòkè padà kí gbogbo nǹkan tó fara balẹ̀, láàárín ìgbà yẹn irin ń lu irin. Yàtọ̀ síyẹn, alumínìọ́mù ni písítìnì, ó máa ń wú tó bá gbóná, tó bá wá ti jẹ, ní tútù á máa gbá ẹ̀gbẹ́ sílíńdà, tó bá ti wú tán á dákẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tèmi?

Ìdáhùn: Ka sẹ́kọ́ńdì. Tó bá jẹ́ "grrr" kan péré bó o ṣe ń ṣáná, lápá ibi tí ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì wà, gíà VVT-i (gíà tí ọ́ìlì ń yí, tó ń ṣètò ìgbà tí fáàfù ń ṣí) ni kó o fura sí, tàbí tẹ́ńsọ́nà ṣéènì, èyí tó ń fa ṣéènì le. Èyí tó bá tó bíi sẹ́kọ́ńdì mélòó kan kó tó lọ, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àti fítà ọ́ìlì ni mo máa kọ́kọ́ wò. Tó bá wá tó ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń rọlẹ̀ bí gẹ́èjì omi ṣe ń gòkè, ó lè jẹ́ písítìnì, ó sì lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì èsọ́ọ̀sì lásán, wo ẹ̀gbẹ́ mánífóòdù, irin tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì, bóyá èéfín ti pa á dúdú. Kí mẹkáníìkì tú wáyà ínjẹ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kó pa ẹ́ńjìnnì kó tó tú u, kó sì má pẹ́ níbẹ̀. Tí ariwo bá yí padà lórí ọ̀kan, sílíńdà yẹn ló ti ń wá, tí kò bá sì yí padà rárá ẹ lọ wo òkè ẹ́ńjìnnì, níbi tí àwọn fáàfù wà.

Èyí tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni "gbì-gbì-gbì" láti ìsàlẹ̀, tó ń le sí i bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, tó tún ń pariwo jù tó o bá tẹ tọ́tù lórí bíríìjì. Bẹ́árìn kọnrọ́ọ̀dù nìyẹn, ti ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Pa á síbẹ̀, pe àwọn tó ń fa mọ́tò, má wà á lọ Island kankan. Níbẹ̀ mẹkáníìkì ẹ lè jàre.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì da ọ́ìlì tó ki sí i pé á dákẹ́, 20W-50.

Ìdáhùn: Hmm. 5W-30 ni àwọn tó ṣe é sọ. Èyí tó ki máa ń pẹ́ kó tó gòkè láàárọ̀, gíà VVT-i sì ń fi ojú ọ̀nà tóóró gba ọ́ìlì, nítorí náà ó lè dá kún ariwo tó o ń sá fún gan-an. Kó o sì máa fa gẹ́èjì ọ́ìlì yọ kó o tó ṣáná, níbi tó tẹ́jú. Nǹkan bíi lítà 3.8 péré lẹ́ńjìnnì yẹn ń gbà, tó bá sì ti dàgbà ó lè máa jẹ ọ́ìlì, lítà kan tó bá dín ti pọ̀, iná pupa ò sì ní sọ fún ẹ torí pé agbára tí pọ́ǹpù fi ń tì í ló ń ṣọ́, kì í ṣe bó ṣe kù tó.

Fítà ńkọ́? Yí i dojú kọ ẹ kó o tó sanwó, kódà ní Ladipo, ọjà páátì mọ́tò, níbi tí wọ́n ti ń kánjú mọ́ ẹ. Ihò ńlá kan wà láàárín, àwọn wẹ́wẹ́ yí i ká. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú àwọn wẹ́wẹ́ yẹn, rọ́bà ló yẹ kó o rí lẹ́yìn wọn, tó rọ̀ tó o bá tẹ̀ ẹ́, òun ló ń di ọ́ìlì mú kó má ro padà lóru. Ti ayédèrú, òmíì le gbagidi, òmíì ò sì ní rọ́bà kankan. Tó o bá tún ra ọ́ìlì, wo ìdérí dáadáa, kó o sì dá kẹ́ẹ̀gì òfìfo lu kó o tó jù ú nù, kí wọ́n má baà lọ rọ nǹkan míì sínú ẹ̀ tà fún ẹlòmíì.

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa jẹ́ kó gbóná dáadáa kí n tó jáde?

Ìdáhùn: Ìdajì ìṣẹ́jú tó. Má tẹ̀ ẹ́ wọ̀ọ̀-wọ̀ọ̀ láàárọ̀, ìyẹn ló ń pa á, àwọn ará àdúgbò ẹ náà ń sùn. Rọra wà á títí gẹ́èjì á fi gòkè. Fún tìẹ yìí, ọ́ìlì 5W-30 àti fítà tó dáa ni màá kọ́kọ́ pààrọ̀, kó o fún un láàárọ̀ bíi mẹ́ta. Tó bá ṣì ń ṣe é, ẹ wá sọ̀rọ̀ tẹ́ńsọ́nà àti gíà VVT-i, tuntun ni kó o rà o, torí gíà tòkúnbọ̀ lè máa kà-kà-kà ju èyí tó o tú sílẹ̀ lọ.