Ẹ Má Fojú Díwọ̀n Ẹ̀jẹ̀ Abiyamọ

Ìbéèrè kan wà tí ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ máa ń bi àwa nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí: "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ yìí ò pọ̀ jù báyìí?" Ojú ni wọ́n fi ń dáhùn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nílé ìwòsàn ńlá àti kékeré, nílẹ̀ wa àti lókè òkun. Wọ́n á wo aṣọ tó wà lábẹ́ ìyá ọmọ, wọ́n á wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, kò ní pẹ́ tí òógùn tútù á fi bo obìnrin náà, tí ètè rẹ̀ á funfun, tí yóò máa béèrè omi léraléra, tí gbogbo ilé á sì dìde gìrì. Ìwádìí ti wá fi hàn gbangba pé ojú ò ká ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ohun tí a lè fi wọ̀n ọ́n ti wà, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ńlá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 70,000 obìnrin ni ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún. Ní Nàìjíríà, lọ́dún 2023 nìkan, nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú nípa oyún àti ìbímọ, bí a bá ka gbogbo ohun tó ń fà á pọ̀. Ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ láyé lọ, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára àwọn tó léwájú nínú ohun tó ń fà á. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, nítorí wọ́n á di ẹ̀sùn ru ìyá arúgbó kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, obìnrin tó bá sì kàn láti bímọ nínú ilé náà á tún bọ́ sínú ewu kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan péré tó ìdajì lítà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì lítà ni omi inú ọ̀rá kan, pọ̀ wọ́tà tí gbogbo wa ń rà. Ara ẹ̀jẹ̀ yìí ni ibi ọmọ ti ń fa ohun tó fi ń bọ́ ọmọ. Bí ibi bá ti já kúrò lára ilé ọmọ, ẹnu àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ á ṣí sílẹ̀. Ọlọ́run sì ti fi ohun tí yóò pa á dé síbẹ̀: ẹran ara ilé ọmọ á súnkì, á le, á sì fún àwọn iṣan náà pa. Bí agbẹ̀bí bá fọwọ́ kan ikùn ìyá ọmọ nítòsí ìdodo, nǹkan róbótó tó le ló ń wá. Bó bá bá a tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ewu ti dé. Nínú obìnrin mẹ́wàá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, nǹkan bíi méje ló jẹ́ pé ilé ọmọ tí kò súnkì ló fà á. Ti àwọn tó kù lè jẹ́ ojú ara tó ya, ègé ibi tó ṣẹ́kù sínú, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì. Àpò ìtọ̀ tó kún náà kì í jẹ́ kí ilé ọmọ súnkì dáadáa. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá ń yọ yín lẹ́nu pé kí ẹ tọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bímọ tán, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Kí ló dé tí ojú ò fi ká a? Ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú ìró àti fóòmù bẹ́ẹ̀dì lọ. Omi oyún ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Ti ẹlòmíràn kì í ya gbùà rárá. Á kàn máa kán tó, tó, tó, nígbà tí gbogbo èèyàn ti ń wo ojú ọmọ, tí wọ́n ń pe bàbá ọmọ lórí fóònù. Ara obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sì máa ń gbìyànjú: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dúró déédéé títí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ á fi lọ. Ẹ tún wá fi èyí tí àwọn àgbà kan ń sọ kún un, pé ẹ jẹ́ kó dà, ẹ̀jẹ̀ burúkú oṣù mẹ́sàn-án ló ń jáde. Kò sí ẹ̀jẹ̀ burúkú kankan níbẹ̀ o. Ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin náà fi ń mí ló ń lọ yẹn.

Ìwádìí tó yí ọ̀rọ̀ yìí padà ni wọ́n ń pè ní E-MOTIVE. Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló darí rẹ̀ pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni wọ́n ti ṣe é: ilé ìwòsàn 80 ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania, níbi tí obìnrin 210,132 ti bímọ láìṣe iṣẹ́ abẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci láti Kano wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà.

Ọ̀rá ni irinṣẹ́ wọn. Ọ̀rá tó mọ́ gaara ni, ó fẹ̀ lókè, ó wá ṣe ṣọ́ńṣó bí àpò nísàlẹ̀. Bí ọmọ bá ti jáde, agbẹ̀bí á tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdí ìyá ọmọ, á so okùn rẹ̀ mọ́ ọn níbàdí, á sì jẹ́ kí àpò náà rọ̀ wálẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn sínú rẹ̀. Ìlà wà lára àpò náà, ọ̀kan ní 300 mìlílítà, ọ̀kan ní 500. Fún wákàtí àkọ́kọ́, agbẹ̀bí á máa wo ìlà náà ní ìṣẹ́jú 15 sí 15, á sì máa fọwọ́ kan ilé ọmọ bóyá ó le. Kò sí pé à ń méfò mọ́. Ó dé ìlà, tàbí kò dé ìlà.

Ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọn kò fún ní ọ̀rá onílà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà sínú ọ̀rá tí kò nílà, wọ́n sì gbé e lé òṣùwọ̀n lẹ́yìn, kí wọ́n lè mọ iye tó jẹ́ gan-an. Ohun tí wọ́n rí ò dára. Nínú obìnrin 100 tí ẹ̀jẹ̀ wọn kọjá ààlà, ìyẹn 500 mìlílítà, 51 péré ni wọ́n mọ̀ sí ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá onílà wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ̀ sí 93. Èyí tó le gan-an, ìyẹn kí ẹ̀jẹ̀ tó lítà kan, tàbí kí wọ́n la ikùn nítorí rẹ̀, tàbí kó gbẹ̀mí ẹni, ṣẹlẹ̀ sí 43 nínú 1,000 obìnrin ní ìhà ti àtijọ́, àti 16 nínú 1,000 ní ìhà ti ọ̀rá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di àsọdùn fún yín: àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn tó lítà kan ló pọ̀ jù nínú iye yẹn. Àwọn tó kú kò pọ̀ ní ìhà méjèèjì, débi pé ìwádìí yìí nìkan ò lè sọ bí ikú ṣe dín kù tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí obìnrin tí lítà ẹ̀jẹ̀ kan lọ lára rẹ̀ mọ̀ pé dídènà rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọ̀rá nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́ náà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbìyànjú nǹkan kan, wọ́n á dúró wò ó, bí kò bá ṣiṣẹ́ wọ́n á gbé òmíràn, ẹ̀jẹ̀ á sì máa lọ. Nínú ètò tuntun yìí, bó bá ti dé ìlà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe papọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15: wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ láti òkè ikùn kó lè le, wọ́n á fún un ní oògùn tó ń mú un súnkì àti abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á sì yẹ ojú ara wò bóyá ó ya. Fífọwọ́ ra ilé ọmọ yìí yàtọ̀ sí aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná tí àwọn ìyá wa fi ń tẹ ikùn. Ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dúró yẹn, tranexamic acid, mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ sórí. Obìnrin ará Japan kan, Utako Okamoto, àti ọkọ rẹ̀ Shosuke ló ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1962. Kò rí ẹni bá a wo ọmọ, ńṣe ló ń pọn ọmọbìnrin rẹ̀ sẹ́yìn ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń pa àwọn abiyamọ ló wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí àwọn dókítà agbẹ̀bí tí yóò bá a dán an wò. Ọdún 2017 ni ìwádìí ńlá tó ń jẹ́ WOMAN tó wá jáde, lórí obìnrin 20,060 ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Màmá Okamoto ti kú lọ́dún tó ṣáájú, lẹ́ni ọdún 98. Àbájáde náà ni pé bí wọ́n bá fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ yìí láàárín wákàtí mẹ́ta tó bímọ, ikú ẹ̀jẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá, kò wúlò mọ́. Ìwádìí mìíràn lọ́dún 2018 tún fi hàn pé ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan tí a bá fi falẹ̀ ń gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára abẹ́rẹ́ náà lọ. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ rò ó wò: àkókò tí ẹ fi ń wá mọ́tò, tí ẹ fi ń pe ẹ̀gbọ́n yín kó tó fọwọ́ sí i, inú wákàtí mẹ́ta yẹn náà ló wà.

Wọ́n wá béèrè pé, ṣé kí a kúkú máa fún gbogbo ìyá ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀? Wọ́n dán ìyẹn náà wò fún obìnrin 15,068 tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, ní Pakistan, Nàìjíríà, Tanzania àti Zambia. Àbájáde jáde ní 2023: kò dènà rẹ̀. Ohun tó hàn kedere ni pé bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin bá ṣe kéré tó kó tó rọbí, bẹ́ẹ̀ ni ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èyí ló gbé mi dé orí oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń gbà nígbà àyẹ̀wò oyún, tí àwọn kan ń kó dà nù nítorí ó ń mú ìgbẹ́ wọn dúdú tàbí kó le. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bósẹ̀dé Afọlábí ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Èkó àti Kano lórí aboyún 1,056, tó jáde ní 2024, láti fi oògùn oníhóró wé irú èyí tí wọ́n ń fà sí ara. Èyí tí wọ́n fà sí ara fi áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, pamọ́ sínú ara ju ti oníhóró lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbímọ kù díẹ̀, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní ìhà méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí kò lówó èyí tí wọ́n ń fà kò pàdánù púpọ̀, bó bá lè máa lo oníhóró rẹ̀ déédéé. Ẹ má fi tíì gbé e mì o. Kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa.

Ọ̀rọ̀ iná náà ń kọ́? Oxytocin, abẹ́rẹ́ tí a ń lò jù láti mú ilé ọmọ súnkì, inú fíríìjì ló ń gbé. Bí ooru bá ti pa á, kò lágbára mọ́, ojú ò sì lè fi mọ̀. Lọ́dún 2018, ìwádìí lórí obìnrin 29,645 ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, tiwa náà wà níbẹ̀, fi hàn pé oríṣi carbetocin kan, abẹ́rẹ́ mìíràn tó ń mú ilé ọmọ súnkì, tí ooru kì í bà jẹ́ kò rẹ̀yìn sí i nínú dídènà ìsun ẹ̀jẹ̀. Ti misoprostol, oògùn oníhóró tó ń mú ilé ọmọ súnkì, tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á fúnra yín. Ó ń ran ìyá ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Bí wọ́n bá lò ó lálòjù nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú, ilé ọmọ lè ya.

Lọ́dún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí àti ti àwọn agbẹ̀bí lágbàáyé yí ìlànà padà. Wọ́n ní kí a má dúró de 500 mìlílítà mọ́: bó bá ti tó 300, tí ọkàn ń lù kìkì jù tàbí tí ìfúnpá ń já wálẹ̀, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlànà inú ìwé kì í tẹ́ ara rẹ̀ sábẹ́ aláboyún. Nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, yálà nílé ìwòsàn ìjọba, ti aládàáni tàbí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ní tranexamic acid nílé, àti ibi tí wọn yóò gbé yín lọ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ yóò dáhùn, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yin lẹ máa ra nǹkan kún ẹrù ìkúnlẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ọ̀rá onílà wà lára rẹ̀, nítorí màkíntọ́ọ̀sì tí gbogbo wa mọ̀ kò ní í sọ iye tó lọ fún yín. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti ìyàwó yín mu kí oṣù tó pé.

Ewu náà kò tán bí ẹ bá ti délé. Páàdì tó rin gbindin láàárín wákàtí kan, ẹ̀jẹ̀ dídì tó tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, òòyì, àyà tó ń lù kìkì: èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gbé e padà kíá, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì. Bó bá wá jẹ́ pé ilé tàbí ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ló bí sí tí ẹ sì gbé e sáré wá sọ́dọ̀ wa, a kò ní bá yín jà. Kí ẹ tó dárúkọ, kí ẹ tó máa wá káàdì, aago tí ọmọ jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa.